Ìdajì Omi Bíbọ̀

Dàpọ̀, gbé ife yẹn kalẹ̀. Rọra o, má jẹ́ kó dànù. Mo mọ̀ pé o fẹ́ bá mi nu tábìlì ni, o ṣeun, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà nínú pálọ̀ yìí, ife yẹn nìkan ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Fi pléètì kékeré yẹn dé e padà. Ọyẹ́ ti ń da eruku síbi gbogbo.

Tọ́pẹ́, ìwọ náà wá jókòó. Àná lẹ ti iléèwé dé, mo sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀ ń sọ ní kọ́rídọ̀. Etí mi ò tíì di. Ẹ ní Gíráńmà ò sùn, ẹ ní Gíráńmà ń yọjú wo géètì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Òótọ́ ni, mi ò sùn. Kérésì dọ̀la, ìdajì omi ṣì wà nínú ife yẹn, màmá yín àti Àǹtí yín Ìyábọ̀ ò sì tíì parí ìjà. Ọmọ méjì péré ni Ọlọ́run fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn?

Ẹ ti tó ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, n ó sọ ọ́ fún yín. Màmá yín wà ní kíṣìnì, ó ń gbọ́ mi, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti gbọ́ ti àtijọ́ kẹ́ ẹ tó lè mọ ohun tí ife yẹn ń ṣe lórí tábìlì. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú fún yín yìí, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò mọ Bíbọ̀. Kérésì lẹ mọ̀. Kí oṣù kọkànlá tó parí, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Àgọ́ Palace ti so iná tó ń ṣẹ́jú mọ́ gbogbo wíńdò, wọ́n ti ń kọrin pé a ti bí i. Ẹni tí a ṣì ń retí, wọ́n ti bí i, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ti jẹun ìsọmọlórúkọ tán. Ẹ wá ń pe gbogbo rẹ̀ ní Dẹ́tì Dìsẹ́ńbà. Mo bi Tọ́pẹ́ lọ́dún tó kọjá pé kí ni dẹ́tì, ó ní Gíráńmà, fàájì ni. Mo ní nígbà tí èmi lọ síléèwé, ìdọ̀tí ni wọ́n pè é fún wa.

Nígbà tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì, Bíbọ̀ ni. Olúwa ń bọ̀, nítorí náà gbogbo ilé ń palẹ̀ mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta wọ ilé bàbá yín àgbà nígbà náà, ìyàwó tuntun ni mí, mi ò tíì mọ ọ̀nà Ìsọlọ̀ dáadáa. Ibi tí wọ́n kọ́ Ire-Akari sí yìí, oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò tóbi ju pálọ̀ bíi mẹ́ta lọ, páànù rẹ̀ sì máa ń ké bí oòrùn bá ti pa á. Ní Sátidé tó ṣáájú Bíbọ̀, àwọn ọkùnrin á yọ àdá, wọ́n á ṣán gbogbo àyíká. Àwa obìnrin á po ẹfun, a ó fi kun ògiri. Àwọn ọmọdé á ru bẹ́ńṣì lọ sódò, wọ́n á fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí igi á fi máa rùn bí igi tútù. Odò yẹn náà lẹ̀ ń pè ní kánáà báyìí, tí ẹ̀ ń dímú bí ẹ bá ń kọjá lórí afárá rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin Òṣòdì ló ń jí wa. Kò sí ariwo púpọ̀ láàárín Òṣòdì sí ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, bó bá ti fọn fèrè ní ìdájí, gbogbo Ìsọlọ̀ gbọ́. Bó bá ti ń fọn ún báyìí, ìyá ọkọ mi ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, á fi ìka gbá a, á ní, “Ẹ dìde, Olúwa ń bọ̀.” Mo máa ń rò ó nínú oorun pé ọkọ̀ ojú irin ni Olúwa máa wọ̀ dé. A ó jókòó yíká àbẹ́là, a ó ka Bíbélì, a ó kọrin tí kò ní ìpàtẹ́wọ́. A kì í pàtẹ́wọ́ nínú Bíbọ̀. A kì í ṣègbéyàwó, ẹni tí ojú ń kán á dúró. A máa ń gbààwẹ̀ Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́, a ó sì máa gbọ́ òórùn ata dídín láti ilé kejì, a ó máa dá itọ́ mì.

Ilé kejì yẹn, ilé Ìyá Sàlí ni. Mùsùlùmí ni, ará Ìṣẹ́yìn, ó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Òṣòdì. Obìnrin yẹn mọ kàlẹ́ńdà ààwẹ̀ wa ju ẹlòmíì nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì bá ti lẹ́, á gbé àkàrà gbígbóná wá, á ní, “Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wá ṣínu.” Àwa náà á ṣe é fún un nígbà ààwẹ̀ tiwọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Ta nìyẹn? Tọ́pẹ́, yọjú wo géètì. Kì í ṣe àǹtí rẹ? Ó dáa. Jókòó.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀hẹ́n, aṣọ pẹpẹ. Aṣọ elésè àlùkò la máa ń tẹ́ sórí pẹpẹ nínú Bíbọ̀, ìyá ọkọ mi ló ń fọ̀ ọ́. Lọ́dún kan, ó ní òun fẹ́ kó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó fi ọṣẹ dúdú bó o, ó sá a sí oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tó máa ká a, ó ti ṣá, ó dà bí èèpo àlùbọ́sà. Bàbá Kátíkíìsì, ẹni tó ń darí ìjọ, wò ó, ó wo ìyá ọkọ mi, ó ní, “Ó dára. Bí Olúwa bá dé lọ́dún yìí, ọbẹ̀ ló máa bá.” Ìyá ọkọ mi sunkún, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn, àlùbọ́sà la fi ṣe Bíbọ̀.

Bàbá Kátíkíìsì yẹn ló fi omi Bíbọ̀ lélẹ̀. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, òun lọ̀rọ̀ wà fún. Ó ní ẹni tó ń retí àlejò gbọ́dọ̀ ní omi nílé. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń bá ẹlòmíràn jà nínú ìjọ, kí ọjọ́ ìsinmi kẹrin tó kọjá, kó dìde lọ sílé ẹni yẹn, kó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ o. Kò gbọdọ̀ dárúkọ ìjà rárá. Onílé á bu omi kún ife, á kọ́kọ́ mu ún dé ìdajì, kí àlejò lè rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Á wá na ìdajì tó kù sí i. Bí àlejò bá mu ún tán, ìjà ti parí. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jà lẹ́yìn ìyẹn, kó jà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ikùn tí omi ń ró gbàlù-gbàlù nínú rẹ̀ jà? Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo rí ọkọ àti aya tó mu ún. Mo rí àwọn olórí ẹgbẹ́ akọrin méjì tí wọn kì í wo ojú ara wọn, tí wọ́n mu ún tán tí wọ́n jọ ń kọrin lọ sílé.

Ìyá ọkọ mi àti Ìyá Sàlí ló wá ṣe èyí tí mi ò lè gbàgbé láé. Okùn tí à ń sá aṣọ lé ló dá a sílẹ̀. Okùn kan náà ni ilé méjèèjì ń lò. Ẹnìkan ká aṣọ ẹnìkejì tí kò tíì gbẹ, ọ̀rọ̀ burúkú jáde, wọn ò kí ara wọn mọ́. Bíbọ̀ dé, àkàrà ò wá. Ìyá ọkọ mi ní kò sí bí òun ṣe fẹ́ lọ bèèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Ìyá Sàlí kì í ṣe ará ìjọ, kò mọ̀ nípa rẹ̀. Àṣé irọ́ ni. Ní ọjọ́ ìsinmi kẹrin, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Sàlí wọlé, ó mú ife tánganran tuntun kan dání láti inú ọjà rẹ̀, funfun, etí rẹ̀ búlúù. Ó ní, “Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń fún èèyàn lómi. Òùngbẹ ń gbẹ èmi náà.”

Ìyá ọkọ mi dìde fùú, ó lọ ṣí ìkòkò omi. Ìkòkò gbẹ. Kànga ti fà, ẹni tí a rán lọ pọnmi kò tíì dé. Ojú tì í débi pé ó ń yí kiri inú yàrá. Ló bá fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí pé kí n gba ẹ̀yìnkùlé lọ bu omi nínú ìkòkò Ìyá Sàlí fúnra rẹ̀. Mo lọ, mo bu ú, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Ìyá ọkọ mi mu ìdajì, ó na ìdajì sí i. Ìyá Sàlí mu ún tán, ó nu ẹnu. Ó mọ omi rẹ̀, ẹfinrin tó máa ń fi sínú ìkòkò wà nínú rẹ̀. Ó wo ìyá ọkọ mi, ó ní, “Omi ilé yín dùn o.” Ẹ̀rín pa wá débi pé àwọn ará ilé kẹta yọjú. Ó fi ife yẹn sílẹ̀ fún wa. Òun nìyẹn lórí tábìlì, Dàpọ̀, òun lo fẹ́ gbé kúrò.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, oyún wà nínú mi. Mo bí obìnrin, gbogbo èèyàn ní ìyá ti padà dé, la bá sọ ọ́ ní Ìyábọ̀. Ẹ wá wò ó. Ẹni tó fi omi parí ìjà ló padà wá, òun náà ló wá ń sá fún omi.

Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti wà nílé ọkọ, tí ọmọ ò tíì dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, kò yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu ayé ò ṣeé dí. Ẹni tó ń wá nǹkan kì í mọ ẹni tí kò yẹ kó gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ilé àdúrà kan lọ́nà Àìlégùn. Wòlíì tó wà níbẹ̀ di ojú, ó ní òun rí ọwọ́ obìnrin kan. Ó ní, “Ọwọ́ tó ń bu omi fún ọ nílé ìyá rẹ ló sé ọ nínú.” Ta ló ń bu omi fún un nílé yìí? Èmi, orúnkún mi ò jẹ́ kí n dìde mọ́. Màmá yín ni.

Màmá yín tó pọ̀n ọ́n. Nígbà tí mò ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ, ẹ̀yìn màmá yín ni Ìyábọ̀ wà láti àárọ̀ títí mo fi máa dé. Òun fúnra rẹ̀ ṣì kéré, ẹsẹ̀ ọmọ ń wọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń pọ̀n ọ́n. Ṣé ọwọ́ yẹn ló wá fẹ́ sé e nínú?

A ò kọ́kọ́ mọ̀. A kàn rí i pé bó bá wá kí wa, ó ń gbé omi inú ike tirẹ̀ dání. Kò burú, gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Lóde òní, èèyàn á wá kí yín nílé yín, á jókòó sórí àga yín, á yọ omi tirẹ̀ jáde nínú báàgì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Àjíǹde, màmá yín gbé ìrẹsì fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé omi fún un, ó yọ tirẹ̀. Màmá yín fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, “Ìyá oge, omi wa ti di ẹlẹ́gbin?” Ni Ìyábọ̀ bá bú sẹ́kún, ló bá tú gbogbo ọ̀rọ̀ wòlíì jáde sójú màmá yín, gbogbo ẹ̀.

Màmá yín ò jà. Ì bá sàn kó jà. Ó dúró, ó gbé abọ́ ìrẹsì, ó wọlé. Mo gbọ́ nígbà tí ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí Ìyábọ̀ bá wá, yàrá ni màmá yín ń wà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o. Mo jókòó sórí àga yìí gan-an, orí ọmọ sì wọ́ lójú mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní Bíbọ̀ ọdún yìí, a máa mu omi. Mo kọ́kọ́ bá àlùfáà wa tuntun sọ ọ́, pé kó jẹ́ kí gbogbo ìjọ padà sí i. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, “Màmá, ife kan náà? Ṣé wọn ò ní kó àrùn ran ara wọn?” Mo ní ọmọ mi, àrùn wo ló ju èyí tó wà láàárín wọn lọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn máa wò ó. Mo mọ ìtumọ̀ “a máa wò ó” lẹ́nu àlùfáà. Mo ní ó dáa, èmi á ṣe tèmi nílé.

Màmá yín ni mo kọ́kọ́ bẹ̀. Kò dá mi lóhùn títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó kàn wá yọ ife yẹn jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń fi eérú fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ti gbà. Mo bá pe Ìyábọ̀ ní Òkòtà. Ó ní, “Mò ń bọ̀, Màmá.” Ọjọ́ ìsinmi kìíní kọjá. Mo tún pè é. “Mò ń bọ̀, mo ti wà ní Àgọ́ Palace.” Mò ń gbọ́ ìró tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkejì kọjá. Ìkẹta, ó ní òun ti ń bọ̀, òjò ló dí òun lọ́wọ́. Òjò wo nínú ọyẹ́? Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mò ń jókòó síbí, mò ń gbàdúrà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í parí, torí mo máa ń dánu dúró láti fetí sí géètì.

Àwa Yorùbá mà ní ọ̀rọ̀ kan tó ń dà mí láàmú. Ẹni tó ń lọ la máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé, “Mò ń bọ̀.” Á dìde, á wọ bàtà, á kọ ẹ̀yìn sí ẹ, á ní òun ń bọ̀. Bàbá Kátíkíìsì máa ń sọ ọ́ láyé ọjọ́un pé ohun tí Bíbọ̀ jẹ́ nìyẹn. Ó ní Olúwa lọ, ó ní òun ń bọ̀, ẹni tó bá sì sọ pé òun ń bọ̀, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ṣàmín nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ni n ó fi kọ́ ọ.

Ìyábọ̀ dé ní ọjọ́ ìsinmi kẹrin, lẹ́yìn tí mo ti sọ ìrètí nù. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti bọ́ aṣọ. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ti rù. Báàgì rẹ̀ wà lápá, omi inú ike wà nínú rẹ̀, mo rí orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀, ó ní, “Òùngbẹ ń gbẹ mí.” Ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

Màmá yín ti gbọ́. Ó gbé ife jáde, ó kún dé etí. Kò jókòó. Ó dúró síwájú àbúrò rẹ̀, ó mu ìdajì, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó na ìyókù sí i. Ìyábọ̀ gbà á. Omi ń lu etí ife. Ó gbé e dé àgbọ̀n. Èmi náà ń dá itọ́ mì bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ mu ún. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Omijé ń bọ́ sínú ife. Ó wá gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níbi tó wà yẹn, ó ní, “Màmá, mò ń bọ̀,” ó mú báàgì, ó jáde. A gbọ́ géètì.

Omi inú ike rẹ̀ ti yọ bọ́ láti inú báàgì, ó wà lórí àga, kò tíì ṣí i. Mo ronú kan Ìyá Sàlí, tó mu omi ara rẹ̀ nílé wa. Mo ní, “Fọlákẹ́, kí la máa ṣe? Bó bá tún wá, jẹ́ ká da omi tirẹ̀ yìí sínú ife fún un.” Màmá yín ní, “Rárá, Màmá. Tèmi ni kó mu, tàbí kó má mu.” Mi ò bá a jiyàn, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó mú ike yẹn, ó gbé e sínú firíìjì. Ó ní kó má baà gbóná kí ẹni tó ni ín tó dé. Ẹ lọ wò ó, ó wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tó mu ún.

Láràárọ̀ ló ń bi mí pé, “Màmá, ṣé kí n da omi inú ife yìí nù?” Láràárọ̀ ni mo ń sọ pé kó má dà á. Mi ò rò pé ó fẹ́ dà á nù. Ó kàn fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún òun pé kóun má dà á ni. Mo pe Ìyábọ̀, fóònù ń dún, kò gbé e. Mo pe ọkọ rẹ̀, ó ní, “Màmá, ó wà nílé, ó ń sunkún, kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.” Ọjọ́ ìsinmi kẹrin ti lọ. Ní òfin Bàbá Kátíkíìsì, àkókò ti kọjá. Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé Kérésì ni n ó kà á dé. Bí Kérésì bá mọ́ tí omi yẹn ṣì wà níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí n ó fi ṣe.

N ó sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an, ẹ má bínú. Mo ti dàgbà. Bí mo bá lọ tí ọ̀rọ̀ yìí wà bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á wá síbi òkú mi. Wọ́n á jókòó, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, olúkúlùkù á gbé omi tirẹ̀ dání. Ohun tí mo máa ń rí bí mo bá di ojú nìyẹn. Ẹ̀rù ikú ò bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Tọ́pẹ́, má sunkún. Kì í ṣe nítorí kẹ́ ẹ lè sunkún ni mo fi sọ ọ́. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé…

Fóònù ta nìyẹn? Tèmi ni. Dàpọ̀, bá mi wò ó. Ta ló kọ síbẹ̀? Ìyábọ̀? Tẹ̀ ẹ́ fún mi, tẹ̀ ẹ́ kíá kó tó dákẹ́. Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ ń lẹ́ o. Ìyábọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ṣé o jẹun? Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ mi, mi ò gbọ́.

Ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, a ò dà á nù. A fi pléètì dé e. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ìdajì tìrẹ ló kù. Níbo lo wà?

Ẹ gbọ́ mi. Ó bi mí pé ṣé omi yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo bi í pé níbo ló wà. Kò sọ pé òun ń bọ̀ o. Ó ní òun wà lẹ́nu géètì, ó ti ṣe díẹ̀ tóun ti dúró síbẹ̀.

Tọ́pẹ́, lọ ṣí i fún un, má sáré. Kúnlẹ̀ kí àǹtí rẹ, má bi í ní nǹkan kan. Dàpọ̀, fà mí dìde, lẹ́yìn náà kó o lọ pe màmá rẹ ní kíṣìnì, sọ fún un pé kó nu ọwọ́ rẹ̀ kó máa bọ̀. Rárá, rárá, fi ife yẹn sílẹ̀, má gbé e. Màmá rẹ ni yóò gbé e fún un.